Oògùn Pàjáwìrì fún Ọkàn: Ohun Tó Lè Ṣe àti Ohun Tí Kò Lè Dá Ṣe

Bí ìròyìn bá ti jáde pé ẹnì kan dìgbò lulẹ̀ tó sì kú lójijì, yálà nínú ìgboro Ìlọrin tàbí ní agbègbè Ọ̀fà àti Òmù-Àrán, oríṣi ọ̀rọ̀ méjì ló máa ń gbòde. Àwọn kan á ní ọwọ́ ayé wà níbẹ̀, pé wọ́n ta á ni. Àwọn mìíràn á bẹ̀rẹ̀ sí í fi iṣẹ́ ránṣẹ́ lórí WhatsApp, pé kí olúkúlùkù ra oògùn báyìí-báyìí sílé, pé kí ẹni tí àyà bá ń dùn máa wúkọ́ léraléra títí yóò fi dé ọsibítù. Ti àwọn àkọ́kọ́ kọjá ohun tí àlàyé yìí lè yanjú. Ti àwọn ìkejì ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò, nítorí pé òótọ́ wà nínú rẹ̀, irọ́ náà sì wà níbẹ̀, ẹni tí kò bá sì mọ èyí tó jẹ́ èyí lè fi irọ́ ibẹ̀ pa ẹni tí òótọ́ ibẹ̀ ì bá gbà là. Ti ikọ́ wíwú yẹn, kí á ti mú un kúrò ńlẹ̀ báyìí: kò sí ìlànà ìṣègùn kankan tó ní kí ẹni tó dá wà nílé máa fi ikọ́ tọ́jú ọkàn ara rẹ̀, àkókò tó yẹ kó fi wá ọkọ̀ ló ń fi ṣòfò.

Kí a tó dárúkọ oògùn kankan, ó yẹ kó yé wa pé ohun tí à ń pè ní àìsàn ọkàn òjijì kì í ṣe ẹyọ kan. Nínú èyí tí àwọn dókítà ń pè ní heart attack, ẹ̀jẹ̀ dídì ló dí ọ̀kan nínú àwọn iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ bọ́ ẹran ara ọkàn fúnra rẹ̀. Ẹni náà ṣì ń mí, ó ṣì ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n àyà ń fún un pinpin, ìrora náà lè gba apá òsì tàbí àgbọ̀n ìsàlẹ̀ lọ, òógùn tútù á sì máa bò ó. Nínú cardiac arrest, ọkàn ti dáṣẹ́ sílẹ̀: a pè é, kò dáhùn, a wo àyà rẹ̀, kò lọ sókè, kò sọ̀ kalẹ̀, tàbí kó kàn máa mí gúlegúle lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Àkọ́kọ́ lè di èkejì láàárín ìṣẹ́jú kan, ìdí sì nìyẹn tí àwọn ènìyàn fi ń da méjèèjì pọ̀. Ẹ̀kẹta ni kí ó ti rẹ ọkàn, kó má lè ti ẹ̀jẹ̀ síwájú bó ṣe yẹ mọ́, kí omi wá kún ẹ̀dọ̀fóró débi pé aláìsàn kò lè fẹ̀yìn lélẹ̀, orí ìjókòó ni yóò ti máa jà fún èémí. Ẹ̀kẹrin ni kí ìlù ọkàn ṣàdédé yára jù tàbí kó falẹ̀ jù.

Ẹ̀kẹta yìí ló yẹ kó ká wa lára jù nílẹ̀ wa. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 2012, tó kó aláìsàn 1,006 jọ láti orílẹ̀-èdè 9 ní Áfíríkà, Nàìjíríà sì wà lára wọn, fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ ríru ló ṣáájú nínú ohun tó ba ọkàn wọn jẹ́, àti pé ìpíndọ́gba ọjọ́ orí wọn kò ju 52 lọ. Ní Yúróòpù, àwọn tó ti lé ní 70 ọdún ni àìsàn kan náà sábà máa ń gbé dé ọsibítù. Ẹni tó ṣì ń ṣiṣẹ́ bọ́ ilé ni tiwa.

Oògùn tó dára fún ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè jẹ́ májèlé fún òmíràn. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ WhatsApp ti máa ń ṣini lọ́nà, nítorí pé orúkọ oògùn ni wọ́n ń pín kiri, wọn kì í pín ìmọ̀ tó ń yà wọ́n sọ́tọ̀.

Aspirin ni ẹyọ kan tí a lè sọ pé ó yẹ kó wà nílé. Lọ́dún 1988 ni èsì ìwádìí ńlá kan jáde, tí wọ́n fi aláìsàn 17,187 ṣe ní ọsibítù 417, gbogbo wọn ni wọ́n sì fura pé wọ́n ní heart attack. Ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún lẹ́yìn rẹ̀, ikú láti ọ̀nà ọkàn àti iṣan ẹ̀jẹ̀ ti fi ìdá 23 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù láàárín àwọn tí wọ́n fún ní aspirin. Àwọn tí wọ́n fún ní aspirin pẹ̀lú streptokinase, oògùn tó ń yọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì, tiwọn fi ìdá 42 dín kù. Kò wọ́pọ̀ kí oògùn olówó pọ́ọ́kú ṣe irú èyí. Ìwọ̀n rẹ̀ ni 300 mg, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bó bá jẹ́ àwọn kékeré 75 mg tí àwọn àgbàlagbà ń lò lójoojúmọ́ ló wà nílẹ̀, mẹ́rin ni. Rírún ni kí a rún un lẹ́nu kó tó wọlé, kí a má ṣe gbé e mì lódindi, nítorí pé èyí tí a gbé mì á pẹ́ kó tó dénú ẹ̀jẹ̀. Parasitamọ́ọ̀lù kò lè ṣe iṣẹ́ yìí rárá. Ẹnikẹ́ni tó bá sì ń ronú Alábùkún tí bàbá àgbà fi sábẹ́ ìrọ̀rí, òótọ́ ni pé aspirin wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kaféènì náà wà níbẹ̀, aspirin rẹ̀ sì ju ìwọ̀n tí à ń wí yìí lọ. Òògùn ẹ̀fọ́rí ni, kí a fi í sílẹ̀ fún ẹ̀fọ́rí.

Ẹni tí ara rẹ̀ kọ aspirin, tàbí tí ọgbẹ́ inú rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́, kò gbọdọ̀ fẹnu kàn án. Èyí tó ṣe pàtàkì jù fún wa nìyí: bí ẹnu bá wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, bí apá kan bá kú, bí ọ̀rọ̀ bá ń lọ́ mọ́ aláìsàn lẹ́nu, rọpárọsẹ̀ ni kí a fura sí. Rọpárọsẹ̀ lè wá láti inú iṣan tó dí, ó sì lè wá láti inú iṣan tó bẹ́ nínú ọpọlọ, kò sì sí ojú tó lè mọ ìyàtọ̀ wọn láìsí àwòrán inú orí tí ẹ̀rọ CT ń yà. Aspirin nínú èyí tó bẹ́ á túbọ̀ jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ máa ṣàn ni. Níbi tí ẹ̀jẹ̀ ríru ti pọ̀ tó báyìí, aspirin kì í ṣe ohun tí a ń há sẹ́nu gbogbo ẹni tó bá dìgbò lulẹ̀. Àyà tó ń dun ẹni tí ojú rẹ̀ ṣì là, tó sì ń sọ̀rọ̀ geere, ni kí a lò ó fún.

Glyceryl trinitrate, tí wọ́n ń fi sábẹ́ ahọ́n tàbí tí wọ́n ń fín síbẹ̀, ni èkejì tí àwọn ènìyàn máa ń gbọ́ orúkọ rẹ̀. Nitroglycerin ni orúkọ rẹ̀ àtijọ́, èyí kan náà tí Alfred Nobel fi ṣe àdó tí wọ́n ń fi fọ́ àpáta. Nígbà tí ọkàn Nobel fúnra rẹ̀ wá ń dùn ún, òun ni dókítà kọ fún un. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ fẹ̀, kí ẹrù ọkàn sì fúyẹ́. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń mú iṣan fẹ̀ náà ló ń fa ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, nítorí náà ẹni tí ìfúnpá rẹ̀ ti wálẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò gbọdọ̀ gbà á. Ewu tí a kì í sọ jáde ní gbangba ni ti oògùn ọkùnrin. Ẹni tó bá lo sildenafil láàárín wákàtí 24 sẹ́yìn, tàbí tadalafil láàárín wákàtí 48, tó sì tún gba nitroglycerin, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè já wálẹ̀ débi tí kò ní ṣeé gbà padà. Àwọn oògùn wọ̀nyí ni wọ́n ń tà káàkiri gáréèjì, kò sì sí Alájì tó máa fẹ́ jẹ́wọ́ rẹ̀ lójú ìyàwó àti ọmọ. Nọ́ọ̀sì tó gbọ́n á ní kí àwọn ẹbí bọ́ síta díẹ̀ kó tó béèrè.

Oògùn tó ń yọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì ló lágbára jù lórí heart attack níbi tí kò bá sí ilé-iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ti lè fi rọ́bà tín-ín-rín la iṣan tó dí. Streptokinase ló ti pẹ́ jù nínú wọn: ẹgbẹ̀rún lọ́nà 1,500 yúníìtì, tí wọ́n ń fi omi fà sí aláìsàn lára fún nǹkan bíi wákàtí kan. Tenecteplase tó tún dé lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń ti i wọlé, ìwúwo aláìsàn ni wọ́n sì fi ń mọ ìwọ̀n. Wákàtí 12 àkọ́kọ́ ni ààyè rẹ̀ wà, àǹfààní tó pọ̀ jù sì wà nínú wákàtí méjì mẹ́ta àkọ́kọ́. Dókítà kankan kò gbọdọ̀ fún ẹnikẹ́ni láìkọ́kọ́ fi ECG, ẹ̀rọ tó ń ya ìlù ọkàn sórí pépà, rí i dájú pé irú heart attack tí oògùn náà wà fún ni. Bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ fún ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ ti ṣẹ̀jẹ̀ rí.

Ẹ wá gbé èyí ka orí máàpù Kwara. Ẹni tí àyà ń dùn ní Òmù-Àrán, tí wọ́n bá ní kó máa lọ sí ilé-ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ Yunifásítì Ìlọrin, á gba Àjàṣẹ́-Ìpo kọjá, á wọ Ìlọrin láti apá gúúsù, á wá la gbogbo ìlú já kó tó bọ́ sí ọ̀nà Jẹ́bà tí ilé-ìwòsàn náà wà. Bí ọjọ́ bá jẹ́ ọjọ́ ọjà, tàbí tí òjò bá ti ba ọ̀nà jẹ́, wákàtí tó yẹ kí oògùn fi ṣiṣẹ́ ti lọ sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Lójú tèmi, ohun tó yẹ kí àwọn ará gúúsù Kwara máa béèrè lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀ àti ti ìpínlẹ̀ kì í ṣe ilé-ìwòsàn ńlá mìíràn tí wọ́n á ṣí pẹ̀lú ìlù àti fèrè. Ẹ̀rọ ECG ni, ní gbogbo jẹ́nẹ́rà ọsibítù tó wà lójú ọ̀nà, pẹ̀lú ẹni tó mọ̀ ọ́n lò lọ́sàn-án àti lóru. Fóònù lè ya àwòrán pépà tó jáde nínú rẹ̀, kí WhatsApp kan náà tó ń pín ọ̀rọ̀ ikọ́ wíwú kiri gbé e dé ọ̀dọ̀ onímọ̀ nípa ọkàn ní Ìlọrin, kí oògùn sì bẹ̀rẹ̀ kí mọ́tò tó gbéra.

Ọkàn tó bá ti dáṣẹ́ sílẹ̀ ńkọ́? Orí èyí ni fíìmù ti tàn wá jẹ jù, tí wọ́n á fi gún abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo, tí òkú á sì dìde jókòó. Adrenaline ni oògùn tí wọ́n ń lò, 1 mg sínú iṣan, lẹ́ẹ̀kan sí i ní gbogbo ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún. Ó ń mú kí iṣan ara sún kì, kí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ tó ń lọ lè yà sọ́dọ̀ ọkàn. Ṣùgbọ́n ta ni ó ń mú ẹ̀jẹ̀ náà lọ? Ọwọ́ ẹni tó ń tẹ àyà ni. Oògùn tí wọ́n tì sínú iṣan apá nígbà tí kò sí ẹni tó ń tẹ àyà dà bíi lẹ́tà tí a fi sínú mọ́tò tí kò ní gbéra. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n fi èyí wádìí lára ènìyàn 8,014 tí ọkàn wọn dá níta ọsibítù, èsì rẹ̀ sì jáde ní 2018: nínú àwọn tó gba adrenaline, ìdá 3.2 nínú ọgọ́rùn-ún ló ṣì wà láàyè lẹ́yìn ọgbọ̀n ọjọ́. Nínú àwọn tí wọ́n fún ní omi lásán, ìdá 2.4. Ìyàtọ̀ wà, ó sì kéré. Èyí tó múni ronú ni pé nínú àwọn tí adrenaline gbà là, ìdá 31 ni ọpọlọ wọn bàjẹ́ gidigidi, nígbà tó jẹ́ ìdá 17.8 péré láàárín àwọn tó yè láìgba oògùn náà.

Èyí kò sọ pé kí a ju adrenaline nù. Ohun tó ń sọ ni pé àtẹ́lẹwọ́ méjì tí a gbé lé àárín àyà, tí a fi ń tẹ̀ ẹ́ wọlé tó sẹ̀ǹtímítà márùn-ún, ìgbà 100 sí 120 ní ìṣẹ́jú kan, láìdúró, ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà, pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń fi iná mànàmáná tún ìlù ọkàn tò, bó bá wà nítòsí. Bí ẹ̀rọ náà bá ti ta ọkàn lẹ́ẹ̀mẹta tí kò gbọ́, wọ́n á fi amiodarone, oògùn tó ń tún ìlù ọkàn tò, 300 mg kún un. Atropine, tí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìlera tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ṣì máa ń nawọ́ sí, ti kúrò nínú ìlànà ọkàn tó dáṣẹ́ sílẹ̀ láti 2010. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ṣì ń lù ṣùgbọ́n tó falẹ̀ jù ló kù tó ń wúlò fún.

Ti ọkàn tó ń sáré ni èyí tó ń ya àwọn tí kò rí i rí lẹ́nu jù. Ọ̀dọ́bìnrin kan lè wọlé tí ọkàn rẹ̀ ń lù ìgbà 180 ní ìṣẹ́jú kan, láìsí pé ó sáré, láìsí pé ẹnikẹ́ni dẹ́rù bà á. Kí wọ́n tó fún un lóògùn, wọ́n lè fún un ní sírínjì 10 ml kó fẹ́ atẹ́gùn sínú rẹ̀ tagbáratagbára fún ìṣẹ́jú-àáyá 15, kí wọ́n sì tẹ́ ẹ gbalaja lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sókè. Ìwádìí kan ní 2015 fi hàn pé ìlù ọkàn padà bọ̀ sípò báyìí fún ìdá 43 nínú ọgọ́rùn-ún, láìná kọ́bọ̀, nígbà tó jẹ́ ìdá 17 péré fún àwọn tó fẹ́ atẹ́gùn tí a kò gbé ẹsẹ̀ wọn sókè. Bí kò bá gbọ́, adenosine ló kàn. Oògùn yìí kò pé ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá nínú ẹ̀jẹ̀ tí agbára rẹ̀ fi ń dín sí ìdajì, nítorí náà iṣan ńlá tó wà ní ìgúnpá ni wọ́n máa ń wá. Dókítà á ti 6 mg wọlé ní kíákíá, ẹnì kejì á ti omi iyọ̀ 20 ml tẹ̀ lé e láìjẹ́ kí èémí kan kọjá láàárín wọn, wọ́n á sì na apá aláìsàn sókè. Wọn á ti sọ fún un tẹ́lẹ̀ pé ara rẹ̀ á gbóná, àyà rẹ̀ á wúwo, á sì dà bíi pé ẹ̀mí fẹ́ bọ́ lára rẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀. Lójú ẹ̀rọ, ìlà tó ń fò sókè fò sísàlẹ̀ á tẹ́ pẹrẹsẹ. Gbogbo ẹni tó wà nínú yàrá á dákẹ́. Lẹ́yìn náà ọkàn á bẹ̀rẹ̀ padà, wẹ́rẹ́-wẹ́rẹ́. Bí kò bá bọ̀ sípò, wọ́n á tún un ṣe pẹ̀lú 12 mg. Ẹni tó ní ikọ́ fée kò yẹ lẹ́ni tí wọ́n ń fún.

Àṣà kan wà tó yẹ kó ti parí. Ẹni tí ara rẹ̀ le á wọ kẹ́mísì láti wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, nọ́ńbà á jáde ní 200 lórí 120, ẹrù á ba gbogbo èèyàn, wọ́n á mú kápúsù nifedipine, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ lu ú, wọ́n á sì fún omi inú rẹ̀ sábẹ́ ahọ́n rẹ̀. Nọ́ńbà á wálẹ̀ lóòótọ́, inú á sì dùn. Ṣùgbọ́n ó ń wálẹ̀ lójijì, láìsí ẹni tó lè dá a dúró, ọpọlọ àti ọkàn tó ti mọ́ lára láti máa gba ẹ̀jẹ̀ lábẹ́ agbára á sì ṣàìrí tó. Rọpárọsẹ̀ tàbí heart attack tí wọ́n ń sá fún ni wọ́n fi ọwọ́ ara wọn pè. Láti 1996 ni àwọn dókítà ti kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn ìṣègùn JAMA pé kí a dáwọ́ àṣà yìí dúró. Ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ ga ṣùgbọ́n tí nǹkan kan kò ṣe é, oògùn ẹnu tí á fa á wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan ni tirẹ̀. Ẹni tí ẹ̀yà ara rẹ̀ ń bàjẹ́ lọ́wọ́, wọ́n á dá a dúró sí ọsibítù, wọ́n á gba inú iṣan fún un ní labetalol tàbí hydralazine, wọn kò sì ní jẹ́ kó wálẹ̀ ju ìdá mẹ́rin rẹ̀ kan lọ ní wákàtí àkọ́kọ́.

Ti omi inú ẹ̀dọ̀fóró kò ní ariwo púpọ̀: gbígbé aláìsàn jókòó, furosemide tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Lasix gba inú iṣan, 40 mg tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àti ọ́síjìn bí ìwọ̀n rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ bá ti wá sí ìsàlẹ̀ 90 nínú ọgọ́rùn-ún. Láàárín wákàtí kan tàbí méjì, ìtọ̀ á ti máa ya, ẹni tí kò lè sọ gbólóhùn kan tán á ti máa béèrè ọmọ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó àti ìpamọ́ ló wá kù. Láti ìgbà tí iye náírà ti já wálẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023 ni àwọn oògùn tó ń ti òkè òkun wá ti ń gbówó lórí, ní oṣù kọkànlá ọdún náà sì ni Sanofi, tó ń ṣe Lasix àti Cordarone tó jẹ́ amiodarone, kéde pé àwọn alágbàtà ni yóò máa bá òun pín ọjà ní Nàìjíríà. Oògùn tí owó rẹ̀ ga ni ayédèrú máa ń tẹ̀ lé. Nọ́ńbà NAFDAC ara páálí kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Oògùn gidi náà sì lè bàjẹ́: adrenaline kò fẹ́ ìmọ́lẹ̀, ibi tí ooru kò ti kọjá 25°C ni wọ́n ní kí a tọ́jú rẹ̀ sí, bẹ́ẹ̀ ooru oṣù kẹta ní Ìlọrin máa ń kọjá 35°C. Bí omi inú ìgò kékeré náà bá ti pọ́n bí omi tíì, agbára rẹ̀ ti ń lọ. Àpótí pàjáwìrì tí wọ́n ń tọ́jú dáadáa máa ń ní èdìdì tó ń já nígbà tí a bá ṣí i, pẹ̀lú ìwé tí nọ́ọ̀sì ń buwọ́ lù nígbà tí iṣẹ́ bá yí ọwọ́ padà, kí ó lè hàn pé ohun tí wọ́n lò lánàá ni wọ́n ti fi òmíràn rọ́pò. Níbi tí ìwé yẹn kò bá sí, àsìkò tí wọ́n bá nílò adrenaline ni wọ́n á tó mọ̀ pé ó ti tán.

Ibì kan ni òfin ti dúró ti aláìsàn. Abala 20 nínú òfin ìlera orílẹ̀-èdè ti ọdún 2014 sọ pé ilé-ìwòsàn kankan kò gbọdọ̀ kọ ìtọ́jú pàjáwìrì fún ẹnikẹ́ni nítorí ohunkóhun, ìtanràn 100,000 náírà tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù mẹ́fà lọ, tàbí méjèèjì, sì wà fún ẹni tó bá rú u. Síbẹ̀, gbogbo wa la mọ ohun tí "ẹ lọ san owó ìdúró ná" túmọ̀ sí lẹ́nu ọ̀nà. Ẹbí tó bá mọ òfin yìí lè fi ohùn jẹ́jẹ́ rán wọn létí, nígbà tí ẹnì kan nínú wọn ń wá owó.

Ní ti ohun tó yẹ kí ẹbí mú dání, kò pọ̀. Kí wọ́n kó gbogbo oògùn tí aláìsàn ń lò, àti àgbo náà bó bá ń mu ún, sínú ọ̀rá kan. Kí wọ́n kọ sórí bébà aago tí àyà bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, nítorí láti orí aago yẹn ni dókítà á ti máa ka wákàtí 12 náà, kì í ṣe láti ìgbà tí wọ́n dé. Bí wọ́n bá fún un ní aspirin nílé, kí wọ́n kọ ìyẹn náà sí i, pẹ̀lú mélòó ló rún, kí wọ́n má bàa tún fún un ní òmíràn lẹ́nu ọ̀nà pàjáwìrì.